Aago Tí Kò Bá Ọjọ́ Mu: Àkọsílẹ̀ Ọkọ̀ Àlòkù Kan ní Àjàṣẹ́

Ìgbà ọyẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì, tí mo sì máa ń bá àwọn ènìyàn yẹ ọkọ̀ àlòkù wò kí wọ́n tó sanwó rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, mi ò sì ní sọ ọgbà tí a ti lọ wo ọkọ̀ náà, nítorí ẹjọ́ kọ́ ni mo wá rò. Mo ń kọ ọ́ nítorí pé díẹ̀ báyìí ló kù kí n fọwọ́ sí ọkọ̀ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rà, èmi tí mo ti pé ọdún méjìdínlógún lẹ́nu iṣẹ́, tí mo sì mọ ohùn ẹ́ńjìnnì Corolla bí ìyá ṣe mọ igbe ọmọ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kò ní àléébù kankan. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ kàn jẹ́ oníṣòwò àgbàdo àti gàrí láti Kétu. Ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, ó ń ná ọjà láti Kétu dé Ìpóbẹ́ títí wọ Sákété, gbèsè rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn alájàpá káàkiri ọ̀nà náà. Orúnkún rẹ̀ kò gba orí zẹ́mí, alùpùpù akérò, mọ́, ó sì ti sú u láti máa fún ara rẹ̀ mọ́ ènìyàn mẹ́rin lẹ́yìn takisí. Ó tọ́jú 2,700,000 sẹ́fà. Ọkọ̀ kékeré tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò máa wà fún un ni ó ń wá, èyí tí kò ní máa mu epo jù, tí wọn yóò sì rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà ní Kétu láìjẹ́ pé wọ́n ránṣẹ́ sí Kútọnu. Corolla ni gbogbo ẹni tó bi léèrè sọ fún un, wọn kò sì purọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ló rí ọkọ̀ náà nínú ọ̀kan lára àwọn ọgbà tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ lápá Sẹ̀mẹ̀, lọ́nà ibodè Nàìjíríà. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà ibẹ̀ mọ bí ọkọ̀ ṣe máa ń tò síbẹ̀ lọ rẹrẹ. Etíkun Kútọnu ni wọ́n ń gbà wọlé láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọjà Nàìjíríà sì ni wọ́n ti máa ń fojú sùn fún púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de gbígba ibodè orí ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọlé láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, tí wọ́n tún ti ibodè náà pa láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dúró sójú kan, oòrùn ń pa wọ́n lórí, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń fẹ́ sí wọn lábẹ́. Àwọn olùtajà wá ń wo ojú àwa ará ilé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí dára fún ẹni tó fẹ́ rà, torí ó lè nájà dáadáa, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bá jókòó pẹ́ a máa kó àrùn tí a kì í fi ìwakọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá mọ̀.

Kí wọ́n tó pè mí, ìyá náà ti san 200,000 sẹ́fà sílẹ̀ fún olùtajà. Ó ní ọmọ náà sọ fún òun pé ẹlòmíràn fẹ́ gbé e, pé bí òun kò bá fi nǹkan dè é mọ́lẹ̀, ọkọ̀ á lọ. Mo kàn ń fetí sí i lórí fóònù ni, ẹnu mi kò gbà á. Láti ìgbà tí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rà ni ojú rẹ̀ ti ń yí padà: kò wá ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà mọ́, ìdí tí kò fi ní pàdánù owó àkọ́kọ́ ló ń wá. Ẹni tó bá sì pe mẹkáníìkì lẹ́yìn àsansílẹ̀, ìbùkún ló ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe àyẹ̀wò.

A lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Olùtajà ti mọ̀ pé a ń bọ̀, ó ti gbé ọkọ̀ síta sábẹ́ igi, ó ti fọ̀ ọ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pẹ̀lú atútù inú ọkọ̀ tó ti tutù bí omi àmù. Ó ṣílẹ̀kùn fún ìyá, ó ní, «Ẹ wọlé, Ìyá, ẹ gbádùn ara yín.» Ìyá wọlé, atẹ́gùn tútù fẹ́ sí i lójú, mo sì rí i pé ó ti ra ọkọ̀ náà nínú ọkàn rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́jọ́ náà kò burú, bí a bá fi ojú tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ṣe é wò ó. Mo gba ìwé tí àwọn dúánì, ìyẹn aṣọ́bodè, fún wọn, mo wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún, tó wà lórí rẹ̀, mo fi wé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ àti èyí tó hàn lábẹ́ gíláàsì iwájú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, ìyẹn ni pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò ó. Ìkẹwàá rẹ̀ jẹ́ 5, ìyẹn ni pé ọkọ̀ ti ọdún 2005 ni, gẹ́gẹ́ bí olùtajà ṣe sọ. Mo ṣàyẹ̀wò bóyá lẹ́tà I, O tàbí Q wà nínú rẹ̀, nítorí pé irú nọ́ńbà yìí kì í ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó bá sì tẹ ayédèrú lè ṣèèṣì fi wọ́n sí i. Kò sí. Mo rò pé iṣẹ́ nọ́ńbà ti parí síbẹ̀ yẹn, àṣìṣe mi àkọ́kọ́ sì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó máa ń pa àwọn ènìyàn wa lára, n kò sì fẹ́ fò ó. Olùtajà sọ pé ọkọ̀ náà ti rin 118,000 péré. Nọ́ńbà náà wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lóòótọ́, 118,400 àti díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ni, máìlì ni ó ń kà. Máìlì kan lé ní kìlómítà kan àtààbọ̀, nítorí náà ohun tí ọkọ̀ yìí ti rìn ti lé ní 190,000 kìlómítà. Nígbà tí mo sọ ọ́, olùtajà rẹ́rìn-ín, ó ní òun gan-an kò mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òótọ́. Corolla tí wọ́n bá tọ́jú a sì máa rìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò fi ìyẹn ṣe ẹ̀sùn sí i lọ́rùn.

Mo wa ọkọ̀ náà dé ìtòsí Wàndó, mo sì wà á padà. Jíà ń wọlé láìjan, bíréèkì kò fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, èéfín kò jáde lẹ́yìn rẹ̀, omi ẹ́ńjìnnì kò gbóná kọjá ààlà. Ìyá ń bi mí léèrè lẹ́ẹ̀mẹta pé, «Bàbá, ṣé ó dáa?» Mo ti lanu láti sọ pé ó dáa. Ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ ni pé mo fẹ́ wo iye aago tó lù kí n lè mọ̀ bóyá mo ṣì máa bá oníbàárà mìíràn tí ń dúró dè mí ní gáráàjì. Mo gbé ojú sí aago ọkọ̀. Ó ń ka aago kan kọjá ìṣẹ́jú 47. Mo wo fóònù mi: aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹni tó bá ń tún irú ọkọ̀ yìí ṣe mọ̀ pé bí a bá tú orí bátìrì rẹ̀, tí a tún so ó padà, aago rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ láti aago kan. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta ni ó ti ń ka látìgbà yẹn. Mo ṣírò rẹ̀ padà: aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a wọ ọgbà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bátìrì, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ so ó padà, nígbà tí a ń san owó takisí lójú títì.

Ṣé ẹ̀rí ni èyí? Rárá. Bátìrì tó ti kú lè mú kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kò sì sí ìbàjẹ́ nínú ìyẹn. Mo bi olùtajà, ohun tó sì sọ nìyẹn: bátìrì rọ, wọ́n ya òmíràn sí i. Mo mú síkánà mi, ẹ̀rọ tí a fi ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, jáde nínú àpò, mo so ó mọ́ ihò rẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kò sí àṣìṣe kankan nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa mẹkáníìkì sì máa ń yọ síkánà, tí a ó ní ọkọ̀ mọ́ tónítóní. Ó yẹ kí a ṣí ojú ewé kan sí i. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ a máa ṣe oríṣiríṣi àyẹ̀wò fún ara rẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń rìn, ó sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ èyí tó ti parí àti èyí tí kò tíì parí. Bí wọ́n bá pa àṣìṣe rẹ́, tàbí tí wọ́n tú bátìrì, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ a padà sí «kò tíì parí», ó sì lè gba ìrìn ọjọ́ mélòó kan kí ó tó tún pé. Lórí ọkọ̀ yìí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tó ti parí. Ìyẹn túmọ̀ sí pé síkánà mi kò lè sọ nǹkankan fún mi, yálà rere tàbí búburú. Olójú tó bo ojú rẹ̀ kò fọ́jú, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́rìí.

Mo pe ìyá sí ẹ̀gbẹ́, mo ní kí a padà wá lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ọkọ̀ bá tutù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ta kú. Ó ní ẹni kejì tó fẹ́ ra ọkọ̀ ń bọ̀ ní òwúrọ̀, pé mẹkáníìkì a máa wá ẹ̀sùn kí owó rẹ̀ lè pọ̀. Mo kàn ń wo ọmọ náà ni. Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, «Ilé àbúrò mi wà ní Àjàṣẹ́ níbí, màá sùn síbẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ti ń sá fún oòrùn òwúrọ̀, kó máa lọ.» Mo sọ fún olùtajà pé a ó dé ní aago mẹ́wàá.

Aago méje òwúrọ̀ ni a dé. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn lè sọ pé ẹ̀tàn ni mo fi wọlé, mo gbà. Ọyẹ́ ti bo gbogbo ọgbà, ọmọdékùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fi aṣọ bora, ó mọ̀ wá, ó sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìdérí ẹ́ńjìnnì: ó tutù dáadáa. Mo jókòó, mo yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù yóò tàn, mi ò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dìde, mo sì ń kà á lẹ́nu jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ní ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà yẹn, gbogbo iná ìkìlọ̀ ló yẹ kó tàn kí wọ́n lè fi hàn pé àwọn wà láàyè. Ti bátìrì tàn, ti ọ́ìlì tàn, ti ẹ́ńjìnnì tàn, ti bíréèkì tàn. Ti àpò afẹ́fẹ́ tí a ń pè ní airbag, èyí tó máa ń fẹ́ láti gba ènìyàn bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, kò tàn. Ó yẹ kí ó tàn fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, kí ó sì kú. Èyí kò tàn rárá. Mo pa kọ́kọ́rọ́, mo tún yí i, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Iná tó tàn tí kò kú túmọ̀ sí pé airbag ní àìsàn. Iná tí kò tàn láti ìbẹ̀rẹ̀ lè túmọ̀ sí pé ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀, tàbí tó ti gé e, kí àìsàn náà má bàa hàn. Lánàá, ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ kí n tó jókòó sínú ọkọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà tó yẹ kí n fi wo iná náà ti kọjá kí n tó dé, atútù sì ń fẹ́ sí mi lójú bí ó ṣe ń fẹ́ sí ìyá.

Láti ibẹ̀, mi ò wo ẹ́ńjìnnì mọ́. Mo bi ara mi léèrè ohun tí ó lè ba airbag jẹ́ lórí ọkọ̀ tí kò ní àmì ìjàǹbá kankan lára. Lórí Corolla yìí, kọ̀ǹpútà airbag wà lórí ilẹ̀ ọkọ̀ gan-an, lábẹ́ ibi tí ọ̀pá jíà wà láàárín ìjókòó méjèèjì. Bí omi bá wọ inú ọkọ̀, kò ní tíì dé ibi ẹ́ńjìnnì kí ó tó kan án. Mo fa bẹ́líìtì ìjókòó awakọ̀ jáde, kì í ṣe ìwọ̀n tí ènìyàn ń fà láti fi dè é o, mo fà á títí kò fi ní èyí tí yóò jáde mọ́. Ọwọ́ ìgbẹ̀yìn rẹ̀, tí ó máa ń ká sínú òpó ilẹ̀kùn nísàlẹ̀, ní ìlà kan bí ìlà tí omi ẹ̀kọ máa ń fi sílẹ̀ lára ìkòkò. Òkè ìlà náà mọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí osùn. Mo fi èékánná họ ọ́, iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo pe ìyá kí ó fọwọ́ kàn án. Ó fọwọ́ kàn án, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, ó ní, «Òórùn etí odò ni èyí.»

Ìyókù yá. Irin tí ìjókòó ń gbà yí síwájú àti sẹ́yìn ti dípẹtà, ṣùgbọ́n orí bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dè é mọ́lẹ̀ ń dán níbi tí spánà ti bù ú, ìyẹn ni pé wọ́n ti tú ìjókòó kúrò kí wọ́n lè fọ kápẹ́ẹ̀tì. Nínú bùútù, wọ́n ti nu ihò tí sípíà ń gbé, ó mọ́ dáadáa, àmọ́ jáàkì tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ṣeé yí mọ́. Mo yọ ọ̀kan nínú ibi tí wáyà ti so pọ̀ lábẹ́ ìjókòó: irin inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé.

Nígbà tí olùtajà dé ní aago mẹ́jọ, tí ó bá wa níbẹ̀, kò bínú. Ó ní, «Ọ̀gá, ọkọ̀ wo ni òjò kì í pa?» Mo dáhùn pé òjò pa ọkọ̀ yàtọ̀ sí omi mu ọkọ̀. Ọmọdékùnrin tó ń ṣọ́ ọgbà, tí kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀, ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé iná ẹ́ńjìnnì ni ó ń tàn lánàá tí ọ̀gá òun fi pe oníwáyà kó wá tú bátìrì. Olùtajà ní kpayo ló fà á. Kpayo, epo tó ń ti Nàìjíríà wọlé tí a ń rà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, kò mọ́ lóòótọ́, ó sì ń dí imú ẹ́ńjìnnì; ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò tíì kà sí i lọ́rùn.

Ẹnu àríyànjiyàn yìí ni ọkàn mi ti lọ sí nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún. Mo ti fi wọ́n wéra, mo ti ka ọdún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì kọ wọ́n sínú Google. Mo kọ ọ́ níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, ní ìdúró. Ojú ewé ilé gbàǹjo kan ní Amẹ́ríkà jáde, pẹ̀lú àwòrán mẹ́jọ. Ọkọ̀ náà ni. Kápẹ́ẹ̀tì ti wà níta nínú àwòrán kẹta, ẹrẹ̀ wà lórí ìjókòó. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi ló bà á jẹ́, Texas, ìparí ọdún 2017. Ẹni tó bá rántí ìjì Harvey tó bo Houston mọ́lẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún náà yóò mọ ibi tí omi ti wá. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò a ti san owó rẹ̀ fún ẹni tó ni ín, wọn a wá tà á ní gbàǹjo, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì wọ ọkọ̀ ojú omi. Gbogbo èyí kò ná mi ju dátà ìṣẹ́jú méjì lọ, nọ́ńbà náà sì ti wà lọ́wọ́ mi láti aago mẹ́rin àná.

Olùtajà sọ owó kalẹ̀ láti 2,600,000 sí 2,100,000. Níbi yìí ni ìyá ti fẹ́ yẹ̀, n kò sì dá a lẹ́bi, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kì í ṣe owó tí ènìyàn ń fẹsẹ̀ ta. Ó ní, «Bàbá, kí ni mo fẹ́ fi àpò afẹ́fẹ́ ṣe? Ẹ sọ pé ẹ́ńjìnnì dáa. Bí ó bá ṣáà ti lè gbé mi dé Kétu.» Mo ṣàlàyé fún un pé yóò gbé e dé Kétu lónìí, ó sì lè gbé e dé ọjọ́ mẹ́ta sí i. Ìpẹtà inú wáyà kì í dúró nígbà tí omi bá gbẹ, iyọ̀ àti ẹrẹ̀ tó kù síbẹ̀ ń jẹ ẹ lọ ni. Lónìí iná iwájú kò ní tàn, lọ́la ẹ́ńjìnnì kò ní dìde, lọ́tunla àwọn méjèèjì á dára, kò sì sí mẹkáníìkì tí yóò rí ibi tí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Wáyà ọkọ̀ kan gùn ju okùn kànga mẹ́wàá lọ. Ẹni tó bá ń wá ibi tó ti já nínú rẹ̀, owó ọ̀sẹ̀ ni ó ń gbà.

Ọ̀rọ̀ airbag náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Corolla tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ti ọdún 2003 dé ti 2013 wà lára àwọn tí Toyota pè padà nítorí airbag Takata, èyí tí ooru àti ọ̀rinrin ọdún púpọ̀ lè sọ ohun tó ń fẹ́ ẹ di ohun tó ń bú gbàmù, tí irin inú rẹ̀ á fò sí ènìyàn lára. Ooru àti ọ̀rinrin sì rèé, kí ló tún kù ní Àjàṣẹ́? Ojú òpó NHTSA, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó, máa ń jẹ́ kí ènìyàn kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sí i lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó mọ̀ bóyá wọ́n ti pààrọ̀ tirẹ̀ tàbí wọn kò tíì pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti sọ ọ́ di ara iṣẹ́ mi báyìí fún gbogbo ọkọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà wá.

Ìyá gbọ́, ó dìde, ó ní kí wọ́n dá owó òun padà. Olùtajà mú 150,000 jáde. Ìyá ní owó òun jẹ́ 200,000, ó sì mú ìwé rẹ̀ jáde, ìwé tí wọn kò kọ àdéhùn kankan sí ju iye owó lọ. A pe àgbàlagbà kan tí àwọn olùtajà ọgbà náà ń bọ̀wọ̀ fún. Ó bi olùtajà pé níbo ni 50,000 tó kù wà. Olùtajà kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó rí i pé àgbàlagbà náà kò gbójú kúrò lára òun, ó nawọ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá, ó ní, «Owó alágbàtà ni mo fún un. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.»

N kò ní kọ ohun tí ìyá sọ fún ọmọ náà. Mo ti ń fura láti àná, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò lè sọ irú rẹ̀ láàárín ìyá àti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohun tí mo rí dì mú nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó ń sọ fún oníbàárà pé «ẹlòmíràn fẹ́ gbé e» lè ti gba owó kí ó tó sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, a rí Toyota Avensis kan lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Àjàṣẹ́, tó ti ń lò ó láti bí ọdún márùn-ún. Èyí kò ní ìtàn púpọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù kí ó má ṣe tan ọkọ̀ náà kí a tó dé, ó sì gbà láìbèèrè ìdí. Káàtì gríìsì, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, wà lórúkọ rẹ̀, nọ́ńbà inú rẹ̀ bá ti ara ọkọ̀ mu, ìwé vìsíìtì, ìyẹn ti àyẹ̀wò ọkọ̀, àti ti ìdójútòfò kò tíì kọjá ọjọ́. Gbogbo iná tàn, gbogbo iná kú. Bẹ́líìtì mọ́ títí dé ìdí. Ẹsẹ̀ iwájú lọ́tùn-ún ń kùn díẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń yípo, èyí tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ bíárìn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Táyà rẹ̀ ni mo bá a jà lé lórí. Ó nípọn, kò jẹ, ẹni tó ni ín sì ń fi yangàn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ 2714, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é, bí mo sì ṣe tẹ̀ ẹ́ ni ara rẹ̀ ń la bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. A yọ owó táyà mẹ́rin kúrò nínú owó ọkọ̀. Wọ́n kọ ìwé títà, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, ìyá kò sì san owó tó gbẹ̀yìn títí tí wọ́n fi jọ gbé ìwé lọ sí ANaTT, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrìnnà orí ilẹ̀, láti bẹ̀rẹ̀ sí í yí káàtì gríìsì sí orúkọ rẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó ń wà á fún un báyìí.

Fún àwa tí a ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ohun tí mo yí padà nínú ìṣe mi kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mo yí wọn padà pátápátá. Mo máa ń gba nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún lórí fóònù kí n tó kúrò ní gáráàjì. Olùtajà tí kò bá fẹ́ fi ránṣẹ́ ti dín ìrìn àjò mi kù. Mi ò jẹ́ kí síkánà tó sọ pé «kò sí àṣìṣe» tẹ́ mi lọ́rùn títí n ó fi rí àwọn àyẹ̀wò tó ti parí. Mo máa ń fa bẹ́líìtì kí n tó ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ni olùtajà mọ̀ pé n óò wò, ibẹ̀ sì ni ó ti tọ́jú jù. Mo máa ń bi oníbàárà bóyá ó ti san nǹkankan sílẹ̀; bí ó bá ti san, mo máa ń ní kí ó gbàgbé owó náà fún wákàtí kan tí a ó fi wo ọkọ̀, kí a sì máa ṣe bí ẹni pé ó ti sọnù. Owó tèmi, lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rà nìkan ni mo ti ń gbà á, kí n tó rí ọkọ̀ náà, mo sì máa ń sọ ọ́ níṣojú olùtajà àti ẹnikẹ́ni tó bá mú wa wá. Bí wọ́n bá bi mí ìgbà tí mo ń bọ̀, ọjọ́ ni mo ń dá, mi ò kì í dá wákàtí.

Bí mo bá sì bá ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, mo máa ń ní kí wọ́n pa á, kí a jókòó títí tí yóò fi tutù, bí ó tilẹ̀ gba wákàtí mẹ́ta. Nígbà náà ni mo ń gba kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ara mi, tí mo ń wọlé lémi nìkan, tí mi ò sì ń dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí tí iná tó kẹ́yìn yóò fi kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Àwọn àgbàlagbà kan ti bínú pé mo gbọ́ ohùn àwọn, mi ò dáhùn. Mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ bẹ̀ wọ́n lẹ́yìn náà.